Ọmọ yó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó

Sí Olóòtú,

Bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ń tòògbé ní kíláàsì lẹ́yìn tó jẹun yó, ẹ má tíì pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọmọ ọdún 5 sí 11 tí himogilóbíìnì rẹ̀ (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara) kò tó gíráàmù 11.5 nínú dẹsilítà kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ìrẹsì àti gàrí lè mú un sanra, kí áyọ́ọ̀nù (èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀), síńkì àti fítámì A ṣì wọ́n lára rẹ̀.

Nínú ìkòkò gan-an la ti ń pàdánù púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó mú epo pupa pupa náà ni ara ọmọ ń sọ di fítámì A. Alásè tó bá jó epo títí tó fi funfun ti jó o dànù. Kí epo ṣáà gbóná ti tó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ńkọ́? Ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó rẹ́ wọn. Bí ẹ bá bọ̀ wọ́n tí ẹ fún omi wọn dànù, fítámì C àti fólétì, fítámì mìíràn tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bá omi lọ. A mọ̀ pé nítorí kí ọbẹ̀ má baà ṣomi ni; ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ata gbẹ dáadáa, kí ẹ wá da ẹ̀fọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 3 sí 5.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù, nítorí èròjà kan tó ń jẹ́ fàítéètì nínú ẹ̀wà máa ń di áyọ́ọ̀nù àti síńkì mú. Ìdajì ọsàn tàbí ẹja díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ náà ń jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù ẹ̀wà wọ ara. Tíì ń dí i lọ́nà; kó di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Iyọ̀ tó ní ayódíìnì ni kí ẹ rà, kí ẹ máa dé e.

Síbẹ̀, aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Oògùn aràn albendazole mílígíráàmù 400 lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, àti bàtà lẹ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ yà kúrò lára ètò oúnjẹ.

Ohun tó ń dùn wá jù rèé: ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kíláàsì 1 sí 3 ni wọ́n ṣe é fún. Kíláàsì 5 àti 6 sì ni àwọn ọmọbìnrin kan ti ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, tí áyọ́ọ̀nù ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan: kí ni àwọn yẹn ń jẹ lọ́sàn-án?

Àwa olùkọ́ ìmọ̀ oúnjẹ,
Ìbàdàn.