Ìyẹ́ tòlótòló tó fún ọfà o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi kan níbí n'Iléṣà mú ọfà mẹ́fà wá fi hàn mí, ìyẹ́ àwòdì mẹ́ta-mẹ́ta ló fi òwú wé mọ́ ìdí ẹ̀, ó dán gan-an, ó lóun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà l'Amẹ́ríkà, mo ní háà, dákun má dán an wò! Àwòdì àti àṣá wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tí Nàìjíríà náà tọwọ́ bọ̀, ìyẹ́ wọn ò gbọdọ̀ kọjá bọ́dà láìsí pámíìtì. Amẹ́ríkà gan-an tún ní òfin tiwọn láti 1918 lórí ẹyẹ tó ń ṣí kiri, ìyẹ́ tó já bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ pàápàá, tó o bá ṣà á o ti rúfin, torí wọ́n ti pa ẹyẹ nípakúpa rí nítorí ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fìlà obìnrin lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìyẹ́ tòlótòló làwọn tó ń ṣe ọfà lọ́hùn-ún ń lò jù, ó sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa tòlótòló lọ́jà wa. Ìyẹ́ apá ni kẹ́ ẹ mú, apá ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀tún, òsì pẹ̀lú òsì, ẹ má pò ó pọ̀ sórí ọfà kan.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e jáde, kí àwọn ọmọ tó ń ṣe ọfà tà rí i kà.

Èmi òǹkàwé yín, Iléṣà