Ẹ jẹ́ ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ọkàn tó dákẹ́

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Tí ọ̀dọ́ bá ṣubú lórí pápá tó kú, ẹ̀ẹ̀kan náà làwọn èèyàn á ní ayé ló ṣe é, ó ń dùn mí gan-an. Ẹ rántí Marc-Vivien Foé, agbábọ́ọ̀lù Kamẹrúùnù, ẹni ọdún 28, tó ṣubú ní Lyon lóṣù June 2003, ìgbà táwọn dókítà yẹ òkú ẹ̀ wò wọ́n rí i pé iṣan ọkàn ẹ̀ ti nípọn jù. Irú àìsàn yìí sábà máa ń rìn nínú ìdílé, tí òbí kan bá ní jíìnì ẹ̀, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lápá lásán lè sọ̀rọ̀ o: ọkàn tí wàhálà bá máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní NT-proBNP sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹ̀ tó bá fara pa á tú èròjà míì tó ń jẹ́ troponin, tí àwọn èròjà yìí bá ń ga sí i dókítà á fura. Àmọ́ tẹ́ẹ̀sì yẹn nìkan ò tó, èsì ẹ̀ lè dáa kí àìsàn ṣì wà níbẹ̀, ECG (àyẹ̀wò bí iná mànàmáná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́) àti echo (àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà) ṣì pọn dandan.

Ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn àyẹ̀wò yìí kún inṣọ́ránsì ìlera, pàápàá fún ilé tí ọ̀dọ́ ti kú lójijì, kí wọ́n lè tètè yẹ àwọn àbúrò ẹ̀ wò.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn