Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Dókítà Tó Fẹ́ Tọ́jú Ẹni Tí Oògùn Di Bárakú Fún

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, mo yin ọmọkùnrin kan lójú ìyá rẹ̀ pé ara rẹ̀ ti mọ́. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù. Imú tó ń dà, yíyán láìdákẹ́ àti ara ríro tó máa ń bá ẹni tó já tramadol, oògùn apàrora líle, sílẹ̀ ti kọjá lọ. Ìyá rẹ̀ gbé iṣu méjì wá dúpẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n wá sọ fún mi pé ọmọ náà ti kú. Iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló padà lò, ara tó ti gbàgbé rẹ̀ kò sì lè gbé e mọ́. Mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án; n kò sọ fún un pé bó bá fọwọ́ kàn án, iye àná lè pa á lónìí.

Nítorí náà, ẹ pe ẹbí jókòó kí aláìsàn tó lọ, kí ẹ sọ ọ́ láìfi bò, bó tilẹ̀ dà bíi pé ẹ ń fún un láyè láti padà síbẹ̀. Ẹ má sì fi ọtí wé kódìn, èròjà inú oògùn ikọ́ tó máa ń di bárakú. Ẹni tó já kódìn sílẹ̀ á máa rò pé òun ń kú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀mùtí paraku tó dá ọtí dúró lójijì ni gìrì lè mú, tó sì lè kú ní tòótọ́.

Ìwádìí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019 sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, àti pé ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló ti kó sí wàhálà rẹ̀. Inú fáìlì aláìsàn ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní òun ń mu "nǹkan díẹ̀", ẹ béèrè ohun tí í ṣe, iye rẹ̀, àti ẹni tó kọ́kọ́ fún un. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oníkódìn wọlé. Ní tèmi, ìgò la gbà lọ́wọ́ wọn, a ò tíì gba bárakú.

Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tí ẹbí ń dáná fún wọn. Ẹ kọ́ bí a ti ń fi ẹbí ṣe olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá padà wá lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ fún un ní àga. A kì í lé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ru.

Títí di òní, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ iye àná yẹn sí ìsàlẹ̀ ìwé ìjáde, mo sì máa ń ní kí ẹbí kà á sétígbọ̀ọ́ mi kí n tó buwọ́ lù ú.