Báípáàsì Tuntun: Ẹ Jẹ́ Ká Rí Máàpù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́.

Télọ̀ ni mí ní Kákúrí, Kàdúná. Ìjọba fẹ́ la báípáàsì, ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá yóò máa gbà yẹ àárín ìlú sílẹ̀, gba àdúgbò wa. N kò bá a jà o. Tírélà tó ń re Kánò ń já àwa náà láyà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa, àmì pé wọ́n fẹ́ wó ilé, la jí rí lára ògiri, kò sẹ́ni tó pè wá sípàdé. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 ní kí ará ìlú sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí ìjọba sanwó ilé àti irè oko tó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ti ilẹ̀ gan-an, owó ilẹ̀ tí èèyàn san lọ́dún tí wọ́n gbà á nìkan ni wọ́n ń dá padà. Ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò, tí kò níwèé kankan, ńkọ́? Ẹ bá wa bi ìjọba. Kí wọ́n lẹ máàpù náà sọ́jà, ká rí i.

Télọ̀ kan, Kákúrí