Ìjọ tó fún wa lómi kò tíì wá sípàdé wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń ṣe ìpàdé onílé ládùúgbò wa lẹ́yìn Sábó, Ìkòròdú. Mọ́sáláṣí ń rán èèyàn wá. Ilé ìwé náà ń rán èèyàn wá. Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tí ilé rẹ̀ ga ju gbogbo ilé àdúgbò lọ kò wá rí.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ìjọ o. Ọmọ Ìjọ Ìràpadà tí gbogbo ayé ń pè ní Rìdíìmù ni mí, ìjọ tí mò ń wí kì í sì í ṣe tiwa. Oore wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n fa ẹnu ẹ̀rọ méjì síta ọgbà wọn, ọ̀fẹ́ ni. Òun ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí àdúgbò fi ń ṣe àlùwàlá, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé ìjọ wo lẹ ń lọ.

Gọ́tà ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n da kọnkéré bò ó kí mọ́tò àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá jọ́sìn lè ríbi dúró sí. Òjò oṣù kẹfà dé, omi wọ ṣọ́ọ̀bù opó kan tó ń ránṣọ, ó ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ ìjọ gbé ìrẹsì àti owó wá fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kọjú sí mi: "Lánlọ́ọ̀dù, ìrẹsì dáa o. Gọ́tà ńkọ́?"

A kọ lẹ́tà. Pásítọ̀ ní òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá òun. Kí èsì tó dé, wọ́n ti ṣe tiransífà fún un. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò rí lẹ́tà kankan nínú fáìlì.

Àwùjọ àdúrà kékeré ni Bàbá Akíndayọ̀mí fi bẹ̀rẹ̀ Rìdíìmù tiwa ní Ẹ̀búté Mẹ́ta lọ́dún 1952. Ìpinnu wa lónìí ni pé kí èèyàn má rìn ju ìṣẹ́jú 5 lọ kó tó kan ìjọ wa nínú ìlú. Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó bá sún mọ́ni tó báyẹn, aládùúgbò ni, ìpàdé onílé sì la ti ń sọ̀rọ̀ gọ́tà, tiransífọ́mà àti owó ọdẹ. Mo sọ ọ́ fún pásítọ̀ tiwa náà, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Bí pásítọ̀ bá ń fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́, kó mú un wá kí alága onílé. Bí kò bá ráyè, kó yan díákónì kan tó ń gbé àdúgbò.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìpàdé tó ń bọ̀, nílé alága. Gọ́tà la máa kọ́kọ́ sọ.

Onílé kan,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó