Irọ́ kọ́ ni àṣírí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àwọn kan ní kò yẹ kí aráyé gbọ́ ohun tí aṣojú orílẹ̀-èdè àti alákòóso bá jọ sọ ní kọ̀rọ̀. Mo gbà díẹ̀. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá di ti gbangba, ta ni yóò sọ òótọ́ inú rẹ̀ mọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ wo Yemen. Ní oṣù Kíní 2010, Saleh, Ààrẹ Yemen nígbà náà, sọ fún Ọ̀gágun Petraeus ti Amẹ́ríkà pé àwọn yóò máa wí pé ti Yemen ni bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà ń jù sí ilẹ̀ náà, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Igbákejì olórí ìjọba rẹ̀ tiẹ̀ fi ṣàwàdà pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ fún ilé aṣòfin ni! Ìgbà tí WikiLeaks, ìkànnì tó ń tú ìwé àṣírí síta, gbé ìwé tí aṣojú Amẹ́ríkà fi ròyìn ìpàdé náà jáde ni aráyé tó ka ọ̀rọ̀ náà. Ṣé àṣírí ìjọba la ó pe ìyẹn?

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín: bí ẹ bá tún ń kọ nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí aṣojú fi ń ròyìn ránṣẹ́ sí ìjọba rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣojú náà lè ṣì í gbọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín