Ìpàdé Sátidé: Ọ̀rọ̀ Ilé Ìwádìí Trieste

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìpàdé wa di Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, níbi tí a ti máa ń ṣe é n'Ìjẹ̀bú-Òde. Mẹ́wàá ni mo wí o, kì í ṣe mọ́kànlá.

Ọ̀rọ̀ ICTP la fẹ́ sọ, ilé ìwádìí ìṣirò àti físíìsì tí Abdus Salam, ọmọ Pakistan, dá sílẹ̀ ní Trieste, ní Ítálì, lọ́dún 1964. Ọkùnrin yìí kàwé ní Cambridge, ó padà sílé lọ́dún 1951 láti kọ́ni, kò rí ẹni bá jíròrò iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1954, ó tún gba Ìlú Ọba lọ. Ohun tójú rẹ̀ rí ló ṣe gbé ètò kan kalẹ̀: kí onímọ̀ máa ṣiṣẹ́ nílùú rẹ̀, kó kàn máa lọ sí Trieste fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fikùn lukùn, kó sì padà. Èyí wú mi lórí ju ẹ̀bùn Nobel tó gbà lọ́dún 1979 lọ. Àjò kì í kúkú dùn kí onílé má relé.

Ẹni tó bá ní ọmọ tó ti gba dìgírì, kó mú un wá. Ilé ìwádìí náà ní ètò dípúlómà ọlọ́dún kan, àwọn ló sì ń gbọ́ bùkátà ọmọ náà.

Ṣọ́ọ̀kì tán mọ́ wa lọ́wọ́ nípàdé tó kọjá, èérún inú àpò mi la fi parí iṣẹ́. Ẹ mú méjì méjì dání. Gààrì wà, ẹni tó bá fẹ́ ṣúgà, kó mú tirẹ̀ wá.

Akọ̀wé yín